Ta Ni Yóò Gbé E Rù Wọ́n?

Ẹni tó bá ti pọnmi rí mọ̀ pé rírìn pẹ̀lú garawa lórí kọ́ ló le. Ìgbà tí garawa bá fẹ́ kúrò nílẹ̀ ni wàhálà wà. Nígbà èwe mi, a ó ti ká òṣùká sórí nídìí ẹ̀rọ omi, ojú wa á wá máa wá àgbàlagbà tó bá ń kọjá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé e rù mí." Bí ẹnikẹ́ni ò bá sí, a ó kọ́kọ́ gbé e lé orúnkún, a ó mí kanlẹ̀, ká tó fipá tì í dé orí. Omi á sì ti dà sí wa lára.

Ọmọbìnrin kan ní Zamboanga, lórílẹ̀-èdè Filipíìnì, pọn irú omi bẹ́ẹ̀ dàgbà. Hidilyn Diaz lorúkọ rẹ̀. Nídìí irin gbígbé tó padà yàn, kò sí òṣùká, kò sí ẹni tí yóò gbé e rù ọ́. Ẹfun lásán ni wọ́n ń fi pa àtẹ́lẹwọ́ kí irin má baà yọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé e. Èkíní, láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá méjèèjì á nà gbọnrangandan. Èkejì jọ tiwa: èjìká lèèyàn ń kọ́kọ́ gbé e lé, á mí, kó tó tì í sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lèèyàn lè gbìyànjú lọ́nà kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 2020, nígbà tí Kòrónà sé e mọ́ Malaysia, ike omi ló so mọ́ ọ̀pá oparun tó fi ń ṣe ìdánrawò. Omi náà ṣì ni! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Tokyo, ó wà ní ìsọ̀rí àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kílò 55 lọ, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì kan àti díẹ̀. Lọ́nà kejì yẹn, ó gbé kílò 127 sókè, àpò sìmẹ́ńtì méjì àtààbọ̀. Wúrà Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbà nìyẹn, láti 1924 tí wọ́n ti ń lọ.

Fún Párìsì 2024, wọ́n gé ìsọ̀rí obìnrin láti 7 sí 5. Ìsọ̀rí 55 lọ, 64 náà lọ. Diaz gòkè lọ sí 59. Elreen Ando, ọmọ Cebu, tó fi ọdún méje kéré sí i, tó sì wà ní 64 ní Tokyo, sọ̀ kalẹ̀ wá sí 59 kan náà. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fúyẹ́, irin rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa wúwo sí i. Èmi ò mọ ìyà tó jù bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan kò sì lè mú ju ẹnì kan lọ ní ìsọ̀rí kan.

Phuket, ní Táílàǹdì, ni àwọn méjèèjì ti parí ìdíje fún àyè kan ṣoṣo náà lóṣù kẹrin 2024. Tí a bá ro ọ̀nà méjèèjì pọ̀, Ando gbé 228, Diaz gbé 222. Kílò mẹ́fà ló là wọ́n láàárín, ìwọ̀n gáàsì tí à ń rà sínú sìlíńdà kékeré. Olówúrà jókòó sílé, àbúrò ló lọ.

Rafiatu Folashade Lawal tiwa náà, tó fi kílò 206 gba wúrà níbi ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, wà ní 59 yẹn ní Párìsì. Ká ní òun àti Ando pàdé nídìí ẹ̀rọ omi wa ìjọ́sí, àwa là bá máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e rù wá.