Asẹ́ Ìmọ́lẹ̀ àti Ìwé Funfun: Ọ̀ràn Àwọ̀ ní Àwọn Ilé Ìtẹ̀wé Ṣómólú

Òkìkí Ṣómólú kàn fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, títí dé ẹ̀gbẹ́ Bàrígà. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Bí àwọ̀ tó jáde bá yàtọ̀ sí èyí tí oníbàárà fọwọ́ sí, òǹtẹ̀wé ló máa ń jẹ gbèsè rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bi náà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ti tàdáwà. Nígbà mìíràn, ìwé funfun náà gan-an ló ń tan ìmọ́lẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìwé máa ń po kẹ́míkà kan mọ́ ọn kí ó lè funfun, bí alágbàfọ̀ ṣe ń fi búlúù sí aṣọ. Kẹ́míkà yìí a máa gba ìtànṣán ultraviolet tí ojú kò lè rí, a sì dá a padà bí ìmọ́lẹ̀ búlúù. Èyí ni George Stokes sọ ní fluorescence ní 1852. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé yóò ka búlúù yìí mọ́ àwọ̀ gidi. Kọ̀ǹpútà yóò fi yẹ́lò kún un láti tún un ṣe, ojú ìyàwó inú àwòrán yóò sì dà bí ti ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe.

Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ́ kí ìtànṣán kan kọjá, a sì dá òmíràn dúró, bí asẹ́ ògì ṣe ń dá èèrí dúró. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán a so asẹ́ ultraviolet mọ́ ojú kámẹ́rà, wọ́n á rò pé ó parí. Kò parí rárá: kí ìmọ́lẹ̀ tó dé kámẹ́rà, ìwé ti sọ ultraviolet di búlúù, asẹ́ náà kò sì lè dá búlúù dúró. Iwájú iná ló yẹ kí ó wà, kí ìtànṣán tí kò tó nanomita 400 má baà dé ara ìwé. Kí wọ́n ti fèrèsé pẹ̀lú, nítorí oòrùn kò ní asẹ́. Bí tàdáwà dúdú nìkan ló wà lórí ìwé, asẹ́ yẹ́lò lójú kámẹ́rà ti tó. Lórí àwòrán aláwọ̀ púpọ̀, yóò kó búlúù tòótọ́ lọ pẹ̀lú ti èké.

Ìlànà ISO 13655 ti 2009 ya wíwọn àwọ̀ pẹ̀lú ultraviolet, M1, sọ́tọ̀ kúrò lára wíwọ̀n láìsí i, M2. M2 kọ́ ló dára jù nígbà gbogbo. Kàlẹ́ńdà tí wọn yóò gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, M1 ló sún mọ́ ohun tí ojú yóò rí.

Olùkọ́ lè fi iná kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò han akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bébà funfun tuntun yóò tàn. Ìwé ìròyìn kò ní fi bẹ́ẹ̀ tàn. Kí ọmọ kankan má ṣe tẹjú mọ́ iná náà.