Oògùn Ni Ó Ń Wo Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Sàn, Kì Í Ṣe Bẹ́ẹ̀dì

Ní oṣù tí ó kọjá, ìyá kan tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé lójú. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó ń ṣe ọmọkùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà kò dá a dúró. Ó fún un ní oògùn, ó ní kí ó máa lọ sílé. Ìyá náà ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá bẹ́ẹ̀dì fún un. Àbí wọ́n ti gbà pé kò ní yè ni?" Mo ní: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá." Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí oògùn tó dé, ìsinmi, oúnjẹ dáradára àti afẹ́fẹ́ ni ìtọ́jú àrùn yìí. Aláìsàn a sì dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn fún oṣù púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, àwọn tí ń retí bẹ́ẹ̀dì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn kan lọ sí Switzerland ní 1951.

Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì mìíràn ṣófo nítòsí wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ilé ìwòsàn ọ̀tọ̀ fún àrùn tí ń ràn, bí difitéríà tí ń dí ọmọdé lọ́fun. Láti 1940 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ káàkiri. Bí àrùn náà ti ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́ọ̀dù ń di òfìfo. Wọ́n bá gba àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ sí ibẹ̀. Ó bá a mu, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ bí a ti ń dènà àrùn kí ó má ràn. Abẹ́rẹ́ tí a fún ọmọdé ni ó di bẹ́ẹ̀dì fún àgbà.

Lẹ́yìn náà ni oògùn dé: streptomycin ṣáájú, isoniazid tẹ̀lé e ní 1952. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń jà dù tún ṣófo, wọ́n sì fi í tọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn aláìsàn mìíràn. Ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí bẹ́ẹ̀dì kò tó, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1956. Wọ́n tọ́jú àwọn kan nílé ìwòsàn. Àwọn yòókù lo irú oògùn kan náà nínú ilé wọn fún ọdún kan. Èsì jáde ní 1959: ìwòsàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àrùn kò sì ran ará ilé àwọn tí ó wà nílé jù.

Lóde òní, oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo oògùn yìí, ọ̀fẹ́ sì ni ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wa. Ara a máa yá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò kò tíì kú tán. Bí aláìsàn bá dá oògùn dúró, apá oògùn lè má ká àrùn náà mọ́. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Kí ó máa bo ẹnu bí ó bá ń wúkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sùn lọ́tọ̀ bí àyè bá wà. Ẹ kó gbogbo ará ilé lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá àwọn ọmọdé. Ẹni tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ń wú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, òun ni bẹ́ẹ̀dì wà fún. Ẹ má fi falẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìyá yẹn kò wá bẹ́ẹ̀dì kiri mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ka oògùn sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní àràárọ̀.