Ikú Ilé àti Ikú Òde: Ohun tí ó ń Fa Ẹ̀jẹ̀ Dídì nínú Àìsàn Hughes

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí ni òpómúléró àlàyé wa lórí àìsàn tí Graham Hughes àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe ní London ní ọdún 1983.

Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà. Ọmọ-ogun ara ni a ó máa pè wọ́n. Nínú àìsàn yìí, ara tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bò ni wọ́n ń dojú ìjà kọ, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dì nínú iṣan. Èyí lè fa ẹsẹ̀ wíwú tàbí àrùn rọpárọsẹ̀, kódà lára ọ̀dọ́. Oríṣi mẹ́ta ni àyẹ̀wò ń wá. Ẹni tí ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀kan ń jẹ́ lupus anticoagulant, èyí tí ìdajì orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí 'adènà ẹ̀jẹ̀ dídì'. Orúkọ yìí ń ṣini lọ́nà. Nínú ìgò àyẹ̀wò, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dì. Nínú ara ènìyàn, ńṣe ni ó ń mú un dì. Ògbufọ̀ tí ó bá gbára lé orúkọ nìkan yóò sọ òdìkejì òtítọ́ fún aláìsàn.

Èyí ni ikú ilé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ní ọmọ-ogun yìí tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò dì rí. Ti òde ni ó sábà máa ń ṣílẹ̀kùn: sìgá mímu, ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí ó ní estrogen, iṣẹ́ abẹ, ìdùbúlẹ̀ pípẹ́, oyún àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Aláìsàn kò lè fúnra rẹ̀ lé ọmọ-ogun náà lọ, ṣùgbọ́n ó lè pa sìgá tì, kí ó sì bá dókítà yan ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí mìíràn.

Bí oyún obìnrin bá wálẹ̀ léraléra, àwọn kan a ní ayé ni ó ń ṣe é. Kí a tó dárúkọ ọ̀tá, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí ọmọ-ogun náà, kí a tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán, nítorí ó lè yọjú fún ìgbà díẹ̀ kí ó sì lọ. Aspirin díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ heparin, lábẹ́ àbójútó dókítà, ti mú ọ̀pọ̀ irú oyún bẹ́ẹ̀ dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀.