Bí Aró Ṣe Fi Àyè Gba Ìtàn Aláìsàn

Ère òkúta tó wà ní Èsìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àwọn àgbà ìlú kò sì ní jẹ́ kí àlejò wò wọ́n tán láì gbọ́ ìtàn bí èèyàn ṣe di òkúta. A mọyì ìtàn. Àmọ́ bí a bá gbé ìyá wa dé ọsibítù, "Orí ń fọ́ wọn, ara wọn ń gbóná" la ó sọ, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sí káàdì, ó parí.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní Aró. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, padà wá síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Aró, ní Abẹ́òkúta. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Lámbò kò dúró de bíríkìlà. Ó tọ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó wà nítòsí lọ, ó ní kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Aláìsàn kò sì gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn ni yóò bá a wá, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù. Ìbátan yẹn ló mọ ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kú nínú ilé lọ́dún náà, àlá tó ń dẹ́rù ba aláìsàn, àti ohun tí babaláwo ti wí kí wọ́n tó gbéra nílé. Dókítà tí kò gbọ́ ìwọ̀nyí mọ orúkọ àrùn, kò mọ ẹni tí àrùn ń ṣe. Lámbò kò pa oògùn òyìnbó tì, ṣùgbọ́n ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, torí ọ̀nà tí àwọn èèyàn wa ń gbà ròyìn ìnira yé wọn.

Ní 1961, Lámbò pe àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí Dókítà Rita Charon ti Yunifásítì Columbia, ní New York, tó sọ títẹ́tí sí ìtàn aláìsàn di ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣègùn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kan sáárá sí i. Síbẹ̀, Aró ti wà ṣáájú.

Ẹ̀yin ará Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán, ẹni tó ń bá ìyá àgbà gbélé ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó mú bírò, ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?" Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.