Ọjọ́ Méjì ní Ìgànmú àti Ajégúnlẹ̀: Iṣẹ́ Ọnà Tí Ó Wà Ní Ẹ̀gbẹ́ Ilé Wa

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Nígbà tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, níbo ni a máa ń mú àwọn ọmọ wa lọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn pé òde ìgbéyàwó ni, tàbí ìkómọ, tàbí ìsìnkú àgbà. Àwọn ọmọ yóò wọ aṣọ ẹbí, wọn yóò jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọn yóò jẹ ìrẹsì, oorun yóò sì gbé wọn lọ kí onílù tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Òde ṣíṣe kò burú, nítorí ẹni tí kì í bá ọ̀rẹ́ ṣe kò ní rí ẹni bá a ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òde nìkan ni ọmọ mọ̀, yóò dàgbà ní Èkó láìmọ Èkó.

Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Káàkiri ayé, àwọn àdúgbò kan wà tí ó jẹ́ pé nítorí iṣẹ́ ọnà ni àwọn ènìyàn ṣe ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Montmartre ní ìlú Paris jẹ́ ọ̀kan. Harlem ní New York jẹ́ òmíràn. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, Òṣogbo gba irú òkìkí bẹ́ẹ̀ nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962. Ohun kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé kì í ṣe àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n sọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ di olókìkí. Àwọn ayàwòrán, àwọn akọrin àti àwọn oníjó tí kò ní owó ilé ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ibẹ̀, kí àwọn tí ó lówó tó wá tẹ̀lé wọn.

Tiwa náà wà ní Èkó, kò sì jìnnà. Láti Ìgànmú, kí a gba Ìjọ́ra Badia kọjá, kí a sì dé Ajégúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Àpápá, iṣẹ́ ọnà pọ̀ níbẹ̀ tí ó lè gba odindi ọjọ́ méjì lọ́wọ́ ìdílé kan. Owó rẹ̀ kò sì tó owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Sátidé: Ilé Eré ní Ìgànmú

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ńlá tí ó dà bí fìlà ọ̀gágun nì, tí gbogbo ẹni tí ó bá gba orí afárá Èkó kọjá ń rí lókèèrè. Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-èdè ni a mọ̀ ọ́n sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2024, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pé 90 ọdún, ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn àtúnṣe ọlọ́jọ́ gbọọrọ, a tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, 2025.

Nígbà tí Ọ̀gágun Gowon wà lórí oyè ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì parí ní 1976 ní ìgbà Ọ̀gágun Ọbásanjọ́. Àwọn kọ́lékọ́lé láti orílẹ̀-èdè Bulgaria ni wọ́n kọ́ ọ, ilé àṣà àti eré ìdárayá kan ní ìlú Varna ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ìjókòó 5,000 ni ó wà nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ tí ó tóbi jù. Ìdí tí a fi kọ́ ọ ni FESTAC, àjọ̀dún ńlá àwọn ènìyàn dúdú, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, tí ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì, 1977. Àwọn ìyá wa àgbà tí ojú wọn tó o ṣì lè sọ bí Èkó ti rí ní oṣù náà. Kí ẹ tó mú ọmọ lọ, ẹ lọ jókòó ti ọ̀kan nínú wọn kí ẹ sì bi í.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọbìnrin yín níbẹ̀. Àmì tí gbogbo ayé fi mọ FESTAC jẹ́ ojú obìnrin. Ojú Ìyá Ọba Idia ni, ìyá Ọba Esigie ti Bìní, tí a fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ nígbà tí wọ́n kógun ja Bìní ní 1897, ó sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ti London títí di òní. Nígbà tí a ń múra FESTAC, a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yá wa, wọ́n kọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Bìní bá gbẹ́ àfijọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé nígbà tí ilẹ̀ wa pe gbogbo ènìyàn dúdú jọ, ojú ìyá kan ni ó fi kí wọn káàbọ̀.

Ẹ tún sọ fún wọn nípa eré Yorùbá. Ní àwọn ọdún tí sinimá Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀, bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì bá dé, Ìgànmú ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń lọ wo iṣẹ́ Ògúndé, ti Adé Love àti ti Bàbá Sàlá. Òkìkí Aiyé, tí Ògúndé gbé jáde ní 1979, kàn ká gbogbo ilẹ̀ yìí. Bàbá Ògúndé kan náà ni ìjọba pè ní àwọn ọdún 1980 pé kí ó kó ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè jọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ́kọ́ wádìí eré tàbí àfihàn tí ó wà ní ọjọ́ náà àti iye tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ má baà dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ padà.

Ọkọ̀ Ojú Irin

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú àwọn ọmọ dùn, ẹ má ṣe bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ jà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ìjọba Èkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, 2023. Ibùdókọ̀ 5 ni ó ní láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13 sì ni ìrìn rẹ̀. Ibùdókọ̀ kan wà fún ilé eré náà, òmíràn sì wà fún Ìgànmú. Káàdì Cowry ni a fi ń sanwó, nítorí náà ẹ ti fi owó sí i sílẹ̀. Bí ẹ bá wò ó títí dé Marina, afárá ni yóò gbé yín kọjá lórí ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Badia: Ohun Tí A Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Ní ẹ̀yìn ilé eré ńlá náà ni Ìjọ́ra Badia wà. A kò lè yin ilé náà tán kí a má sọ ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní 1973, kí a tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbé lórí ilẹ̀ náà, ní abúlé tí à ń pè ní Olúwọlé. Ìjọba àpapọ̀ kó wọn kúrò, wọ́n sì fi púpọ̀ nínú wọn sí Badia, lórí ilẹ̀ àbàtà. Àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé fúnra wọn, tí wọ́n dá ọjà sílẹ̀, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n sì di ará Badia.

Ní àwọn ọdún 2000, Badia wà lára àdúgbò 9 tí ìjọba Èkó yàn fún àtúnṣe pẹ̀lú owó tí ó yá ní Báńkì Àgbáyé. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù kejì, 2013, katapílà wọ apá kan Badia ó sì wó ilé. Àjọ Amnesty International kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí ó di aláìnílé súnmọ́ 9,000. Ní 2015, a tún wó ilé níbẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin abiyamọ: obìnrin tí ó pọn ọmọ, tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná, tí a ní kí ó jáde.

Nítorí náà, Badia kì í ṣe ibi tí a ń lọ fi ojú wo òṣì ẹlòmíràn. Bí ẹ kò bá ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀, ẹ má ṣe máa rìn káàkiri láàrin ilé wọn. Bí ẹ bá ní, ẹ lọ kí i bí a ti ń kí ènìyàn, kí ẹ mú nǹkan dání, kí ẹ sì ra ọjà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń tajà níbẹ̀. Ẹ má ṣe ya àwòrán ọmọ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Bí ọmọ yín bá béèrè ìdí tí ilé kan fi dára tó bẹ́ẹ̀ tí èkejì kò sì dára, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ òtítọ́ fún un ní ìwọ̀n tí orí rẹ̀ lè gbé: pé àwọn kan fi ilé wọn sílẹ̀ kí ilé eré yìí tó lè dúró, ọpẹ́ sì yẹ wọ́n.

Ọjọ́ Ìsinmi: Ajégúnlẹ̀

Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, kí ẹ sì ti jẹun díẹ̀, ó yá kí a kọjá sí Ajégúnlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀: ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Àpápá, àwọn apẹja àti àwọn oníṣòwò kéékèèké láti gbogbo ẹ̀yà ni wọ́n sọ ibẹ̀ di ìlú. Ní ojúlé kan ṣoṣo, ẹ lè gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùròbò àti Haúsá. Èdè àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì ni ó so gbogbo wọn pọ̀, òun náà sì ni wọ́n fi ń kọrin.

Ní àwọn ọdún 1990, orin àti ijó tí a ń pè ní galala ti ibẹ̀ jáde. Daddy Showkey, Daddy Fresh àti Baba Fryo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé etí gbogbo Nàìjíríà, African China sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀pọ̀ òbí ìgbà náà ka ijó yìí sí ijó ìpáǹle. Wọn a máa na ọmọ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, a ó rí i pé àròyé ìlú ni ó wà nínú orin wọn: ebi, àìrísẹ́ ṣe, olóṣèlú tí kò mú ìlérí ṣẹ, àti ìyá tí ń ṣe wàhálà lórí ọmọ.

Ẹ gba Boundary wọlé, ààlà tí ó wà láàrin Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, kí ẹ wo ọjà ibẹ̀. Ẹ ra ẹ̀wà àgọ̀yìn pẹ̀lú búrẹ́dì fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn obìnrin láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni wọ́n gbé oúnjẹ náà wá fún wa. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ béèrè ọ̀nà pápá Maracana. Orí iyanrìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ajégúnlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù gbígbá kí wọ́n tó di ẹni tí ayé ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀, Odion Ighalo, ni ó gba góòlù jù lọ ní ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 2019, góòlù 5, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United ní 2020.

Ìmọ̀ràn Díẹ̀

Ẹ bá ẹni tí ó mọ àdúgbò rìn. Ẹ wọ bàtà tí ó ṣeé rìn, ẹ fi góòlù sílẹ̀ nílé, kí owó yín má sì wà ní ojú kan. Ẹ gbé omi mímu tí ó mọ́, agbòjò, àti aṣọ ìpàrọ̀ fún ọmọ ọwọ́. Ẹ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má sì fi bàbá àwọn ọmọ sílẹ̀; bí ó bá rí i pé ìrìn náà kò ná owó púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè ìgbà tí a ó tún lọ.

Bí ẹ bá délé, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ó ya ohun tí ó wù ú jù lọ. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ọmọ tí ojú rẹ̀ mú fún àwòrán, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá fún ijó, àti èyí tí ìtàn dùn lẹ́nu rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá fẹ́ràn orin tàbí ijó, kò ní fẹ́ràn ìwé mọ́. Ẹ ṣètò àkókò fún méjèèjì, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé wákàtí ijó òun ń bọ̀ kì í sábà sá fún wákàtí ìwé. Èyí tí ó léwu ni ọmọ tí a fi pàṣán lé ẹ̀bùn rẹ̀ wọ kọ̀rọ̀, nítorí a kò ní mọ ẹni tí yóò bá pàdé níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ tàbí ní Badia gan-an, tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin kò ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí ibì kankan. Ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ fi ilé eré ńlá nì hàn án, kí ẹ sì sọ fún un pé tirẹ̀ ni pẹ̀lú. Orí ilẹ̀ àwọn ènìyàn bí tirẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí.