Sìgá Kúbà tí a fi ọwọ́ wé

Ewé tábà Vuelta Abajo, ní agbègbè Pinar del Río, tí a so rọ̀ sínú abà títí ó fi gbẹ, tí a sì kó jọ kí ooru ara rẹ̀ lè pa ìkorò rẹ̀, ni àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ wé láìlo ẹ̀rọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tí ó mọ adùn rẹ̀ kì í gbé èéfín mì; ẹnu ni ó fi ń tọ́ ọ wò, kédárì, kọfí àti ata a sì máa tẹ̀lé ara wọn wá. Ní 1865 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé sókè fún àwọn tí ń wé e ní Havana, àṣà tí ó yẹ ká yìn. Àwọn Lùkùmí, ọmọ Oòduà tí oko ẹrú gbé kọjá òkun, ń fi èéfín rẹ̀ bọ Ẹlẹ́gbára àti Ògún títí di òní.