Àròkọ Aṣàlàyé: Ohun Tí Ó Dá Ìjà Sílẹ̀ ní Ilé Ọba Henry Kejì

ÌBÉÈRÈ: Ṣe àlàyé ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ọba Henry Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti ohun tí ìjà náà yọrí sí.

ÌMỌ̀RÀN: Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìbéèrè yìí ni ‘ṣe àlàyé’. Ẹni tí ó bá ka ọdún àti orúkọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ìtàn ni ó sọ, kò tíì ṣàlàyé. Ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ rí ni ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀, àti bí ọ̀kan ṣe fa èkejì. Nítorí náà, ẹ ṣe ìlapa èrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ìlapa tí a tẹ̀ lé nìyí:

(a) Ìfáárà: ta ni Henry, kí ni ó sì ní?
(b) Oyè láìsí agbára
(d) Ọwọ́ ìyá nínú ọ̀rọ̀ náà
(e) Ọba Faransé
(ẹ) Ojúsàájú bàbá
(f) Ohun tí ìjà náà yọrí sí
(g) Ìkádìí

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Bí a bá gbọ́ pé ìjà ogún wà nínú ilé kan, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ilé olórogún ni. Ti ilé Ọba Henry Kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn tí wọ́n bá ara wọn jà níbẹ̀. Henry gorí oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1154. Láti ìdílé ìyá rẹ̀ ni Normandy ti wá, Anjou sì wá láti ìdílé bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1152, ó ti fẹ́ Eleanor, obìnrin tí ó ni ilẹ̀ Aquitaine, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí ìgbéyàwó Eleanor àti Louis Keje, ọba Faransé, tú ká. Báyìí ni ilẹ̀ Henry ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ààlà Scotland títí dé ẹsẹ̀ òkè Pyrenees. Ọmọ mẹ́jọ ni Eleanor bí fún un, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin mẹ́ta. William tí ó jẹ́ àkọ́bí kú ní kékeré ní ọdún 1156. Àwọn ọkùnrin tí ó kù ni Henry tí ó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, Richard, Geoffrey àti John.

Ìdí kìíní tí ìjà fi ṣẹlẹ̀ ni oyè láìsí agbára. Ojú Henry ti rí ogun nígbà èwe rẹ̀, nígbà tí Matilda ìyá rẹ̀ àti Stephen, tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó bí Matilda, fi ọ̀pọ̀ ọdún jìjà adé. Kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú òun. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ kí a dé Henry ọmọ rẹ̀ ládé ní Westminster ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1170, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n wàhálà ni ó bí. Ọba ọmọ dé adé, kò rí ilẹ̀ kankan ṣàkóso, kò sì rí owó tí yóò fi bọ́ àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ ohun gbogbo. Ní ọdún 1173, Henry fẹ́ gba ilé olódi mẹ́ta, èyíinì ni Chinon, Loudun àti Mirebeau, fún John tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, nítorí ìyàwó tí ó fẹ́ fẹ́ fún un. Inú ilẹ̀ tí ó ti pín fún Ọba ọmọ ni àwọn ilé olódi wọ̀nyí wà. Èyí ni ó mú kí Ọba ọmọ, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 18, sá lọ bá ọba Faransé, tí í ṣe bàbá ìyàwó rẹ̀. Richard, ọmọ ọdún 15, àti Geoffrey, ọmọ ọdún 14, tẹ̀ lé e. Bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ìdí kejì ni ìyá wọn. Eleanor ni ó ni Aquitaine, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ogun, ẹ̀yìn àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó wà. Àwọn ọmọ ogun ọba mú un lójú ọ̀nà. Òpìtàn ìgbà náà kan sọ pé aṣọ ọkùnrin ni ó wọ̀. Nǹkan bí ọdún 15 ni ọkọ rẹ̀ fi há a mọ́, kò sì bọ́ títí ọkọ náà fi kú. Ẹ wò ó, bí bàbá àti ìyá kò bá sọ̀rọ̀ kan náà nínú ilé, ta ni àwọn ọmọ yóò gbọ́ tirẹ̀?

Ìdí kẹta ni ọba Faransé. Henry jẹ́ ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní ti àwọn ilẹ̀ rẹ̀ tí ó wà ní Faransé, òfin mú un ní dandan pé kí ó júbà ọba Faransé. Ẹni tí ó wà lábẹ́ ọba yìí tún wá ní ilẹ̀ jù ú lọ. Àwọn àgbà sì máa ń wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Louis gba àwọn ọmọ náà mọ́ra ní ọdún 1173. Nígbà tí Philip ọmọ rẹ̀ jọba ní ọdún 1180, ọ̀nà kan náà ni ó tọ̀: ó bá Geoffrey ṣọ̀rẹ́, ó bá Richard ṣọ̀rẹ́, lẹ́yìn náà ó kan John. Kò fẹ́ràn ọ̀kankan nínú wọn. Ilẹ̀ bàbá wọn ni ó ń wò.

Henry ṣẹ́gun ní ọdún 1174, ó sì dárí ji àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún ohun tí ó fa ìjà ṣe. Ọba ọmọ tún dìde ogun ní ọdún 1183, ó bá Richard àbúrò rẹ̀ jà lórí Aquitaine, àrùn ìgbẹ́ ọ̀rìn sì pa á ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún náà. Geoffrey kú ní Paris ní ọdún 1186.

Ìdí kẹrin ni ojúsàájú. John ni àbíkẹ́yìn, òun sì ni bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù. Henry ní kí Richard, tí ó ti di àgbà ọmọ, yọ̀ǹda Aquitaine fún John, Richard kọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1188, Richard bi bàbá rẹ̀ léèrè níwájú Philip bóyá òun ni yóò jogún adé. Bàbá kò dáhùn. Lójú ẹsẹ̀ ni Richard kúnlẹ̀ fún Philip, ó sì gbà á ní olúwa. Ní ọdún 1189, àwọn méjèèjì ṣẹ́gun Henry tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn tí ó dalẹ̀ òun. Àwọn òpìtàn ìgbà náà sọ pé orúkọ John ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Ọba yí ojú sí ògiri. Ó kú ní Chinon ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Ọmọ tí ó dúró tì í títí dé òpin ni Geoffrey kejì, ẹni tí obìnrin mìíràn bí fún un láìṣe ìyàwó rẹ̀. Lóòótọ́, àjọbí kò kan tàánú.

Ìjà náà kò bá Henry wọ sàréè. Richard jọba, ó tú ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ jagun ẹ̀sìn ní agbègbè Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú lójú ọ̀nà ilé ní ọdún 1192, John àti Philip ń gbìmọ̀ kí ó má lè padà. Ìyá wọn ni ó sapá láti kó owó ìtúsílẹ̀ jọ, tí ó fi gba òmìnira ní ọdún 1194. Richard dárí ji John. Ọfà àkàtàǹpó ni ó pa Richard ní ọdún 1199, kò sì bí ọmọ tí ó lè jogún adé. Ta ni ó kàn? Ṣé John, àbúrò rẹ̀ ni, tàbí Arthur, ọmọ Geoffrey, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n John? Òfin kò fi ibì kan gúnlẹ̀. John gba adé. Philip sì gbè sẹ́yìn Arthur. Ní ọdún 1202, Arthur, ọmọ ọdún 15, sàga ti ìyá bàbá rẹ̀ ní Mirebeau, ọ̀kan nínú ilé olódi mẹ́ta tí ó dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀. John mú un níbẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1203, a kò gbúròó Arthur mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé John ni ó pa á. Ní ọdún 1204, Philip gba Normandy.

Ní ìkádìí, a rí i pé kì í ṣe ọ̀tá ìta ni ó kọ́kọ́ fọ́ ilé Henry. Ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ oyè, ó fi agbára oyè pamọ́. Ó dárí jì wọ́n, kò yanjú ọ̀rọ̀ wọn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

ÀKÍYÈSÍ: Ẹ wò ó bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó sọ ìdí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdí náà gan-an, kí ọdún àti orúkọ tó tẹ̀ lé e. Òwe mẹ́ta péré ni a pa, a sì pa ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹ má ṣe kó òwe jọ nítorí kí ìwé lè kún.

ÌDÁNRAWÒ: Ṣe àlàyé ìdí tí ìjà fi máa ń wà lórí ogún, àti ọ̀nà tí òbí lè gbà dènà rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè.